Kápẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Wọ̀n

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Ìyá àwọn ọmọ ló ní kí n máa kọ ọ́. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, irin ṣì wà lára egungun ìbàdí rẹ̀ tó ṣẹ́, síbẹ̀ ó ń pàṣẹ. Ó ní gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé òun lẹ́yìn òun, òun fẹ́ kà á nígbà tí òun bá dé, nítorí pé bí òun bá bi mí léèrè, "kò sí nǹkan" ni màá sọ. Mo ní, "Èmi tí mi ò mọ̀wé?" Ó ní, "Akọ̀wé wà ládùúgbò. Ó ti fẹ̀yìn tì, kò níṣẹ́ méjì ju kó máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá lọ."

Akọ̀wé, ohun tó sọ nìyẹn. Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ó ti kọ ọ́. Ó fajú ro.

Òjò rọ̀ láti ìdájí di ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Àkọ́bí wa obìnrin dé láti ìlú tó ń gbé. Ó yí ilé po bí ọlọ́pàá. Ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ fa orí táìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ gbọ̀ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ilẹ̀ yìí kò lè gba màmá mi mọ́. Gíláàsì ni."

Ó ní bí ilé ìwòsàn bá ti tú u sílẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ló ń lọ. Yàrá kan wà fún un níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ nǹkan sí i, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀.

Mo ní, "Fún ìgbà wo?"

Ó ní, "Títí ni, Bàbá." Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò máa rọ̀.

Mo ní ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta rèé tí èmi àti ìyá rẹ̀ ti ń gbé pọ̀, kò sí ọmọ tí mo bí tó máa gba ìyàwó lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, mi ò bá yín jà. Dókítà ló sọ pé bí màmá bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i..." Kò parí rẹ̀.

Mo bi í pé bí mo bá wá fi nǹkan bo ilẹ̀ ńkọ́? Ó tún fi ẹsẹ̀ fa orí táìlì. Ó ní, "Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ ni ilé ìwòsàn máa tú wọn sílẹ̀. Màá dé síbí ní ọjọ́ kẹjọ. Bí mo bá rí ilẹ̀ tí màmá mi lè fẹsẹ̀ tẹ̀ tí ọkàn mi á balẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀ nílé wọn. Bí mi ò bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi fà á."

Mo ní ó dáa. Ọmọ mi ni lóòótọ́. Orí kunkun yẹn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti rí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Èmi àti Akọ̀wé lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkápẹ́ẹ̀tì. Obìnrin kan tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn ló ni ín. Ó ti tú ìdì mẹ́ta sílẹ̀ kó tó béèrè ohun tí a bá wá. Nígbà tó tú ẹ̀kẹrin, mo mọ̀ pé a ti dé ibi tí à ń lọ. Pupa ni, irun rẹ̀ gùn bí koríko tí ẹran kò tíì dé ìdí rẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo gun orí rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi mì dé ọrùn ẹsẹ̀.

Mo ní, "Èyí."

Akọ̀wé ní, "Ṣé ọba ló fẹ́ wá kí ọ nílé ni?"

Mo ní, "Ìyàwó mi ló fẹ́ wá kí mi nílé. Ó ju ọba lọ."

Oníkápẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín títí awò fi já bọ́ sí i láyà. Lẹ́yìn náà ló wá dárúkọ owó. Mo ní, "Ìyá, kápẹ́ẹ̀tì ni mo ní kí ẹ tà fún mi, mi ò ní kí ẹ fi ṣọ́ọ̀bù kún un." Ó ní gbogbo nǹkan ló ti gbówó lórí, òwú, epo ọkọ̀, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Ó yọ díẹ̀ kúrò. Mo ní kó bá mi gbé e pamọ́ títí di Ọjọ́bọ̀, kí n lọ fi tó ẹni tó ni yàrá létí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ilé ìwòsàn. Ọkùnrin gíga kan ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ bí wọn yóò ṣe tún rìn. Ìyá àwọn ọmọ ń pè é ní Olùkọ́ Ìrìn. Ó ti fún un ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tó máa ń gbé síwájú, á dì í mú, á gbẹ́sẹ̀, á tún gbé e síwájú. Wọ́n ní kó rìn láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Mo bá a rìn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, òun ṣì wà ní ìdajì.

Ó sọ fún Olùkọ́ Ìrìn pé, "Ẹ rí i? Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ̀yìn orí ọkùnrin yìí ni mo mọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ."

Mo sọ fún un nípa kápẹ́ẹ̀tì pupa.

Ó ní, "Pupa? Bàbá àwọn ọmọ, ṣé kí n máa wo iná látàárọ̀ dalẹ́ ni?"

Mo ní kó má wo àwọ̀, kó wo bí irun rẹ̀ ṣe gùn tó. Olùkọ́ Ìrìn bá dá sí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ ná. Irin yìí ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, Màmá ní méjì. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló máa rì sínú irun yẹn, tí wọ́n á sì máa fà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yẹn ló wọ̀ mí létí. Èmi kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé ẹrẹ̀ fún mi.

Ó ní kí irun rẹ̀ kúrú, kó le nílẹ̀, kí etí rẹ̀ má ká sókè, kó má sì ní òdòdó lára.

Mo ní, "Kí ni òdòdó ṣe?"

Ó ní, "Ojú àgbà lè rí òdòdó bí ẹni pé nǹkan wà nílẹ̀. Á fẹ́ gbẹ́sẹ̀ fò ó, ibẹ̀ ló sì máa ṣubú sí."

Ìyá àwọn ọmọ fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yí ojú sí fèrèsé.

Mo ní, "Àwọ̀ wo lo wá fẹ́?"

"Àwọ̀ tó bá wù yín."

"Pupa ló wù mí."

"Kì í ṣe pupa."

"Àwọ̀ ewé ńkọ́?"

"Ṣé mo di tata ni?"

A wà lórí rẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi gbé oògùn dé. Lẹ́yìn tó gbé oògùn mì ló tó sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀. Ó ní, "Àwọ̀ ilẹ̀ oko lẹ́yìn òjò. Kí n má baà máa rí ẹrẹ̀ tí ẹ bá ń kó wọlé." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ń wo bàtà mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Oòrùn mú. Oníkápẹ́ẹ̀tì gé ègé kékeré mẹ́rin fún mi, aláwọ̀ ilẹ̀ ni gbogbo wọn, irun wọn kúrú. Ó ní kí n kàn fọwọ́ pa wọ́n wò. Èmi kì í ra irúgbìn púpọ̀ láìkọ́kọ́ gbin díẹ̀ wò. Mo kó wọn dé ẹ̀yìn ilé.

Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, mo yọ ọwọ́, mo ń kà. Ọ̀kan kò gbérí títí mo fi ka ogójì. Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo da omi sí àwọn mẹ́ta yòókù. Àwọ̀ ọ̀kan ń ṣàn jáde bíi tíì tó pọ́n. Mo sá méjì tó kù sórí okùn aṣọ. Ọ̀kan gbẹ, ó wá ń rùn bí ajá tí òjò pa. Ó ku ẹyọ kan. Mo fi ẹrẹ̀ ọgbà kun ún, mo jẹ́ kó gbẹ, mo gbọ̀n ọ́n, ẹrẹ̀ bọ́ sílẹ̀ bí èèpo. Mo tilẹ̀ da hóró àgbàdo sórí rẹ̀ kí adìyẹ gùn ún, kí n wò ó bóyá èékánná rẹ̀ á fa òwú yọ. Adìyẹ jẹ tirẹ̀, ó lọ. Òwú kan kò yọ.

Akọ̀wé jókòó sórí àpótí látìgbà yẹn, ó ń wò mí bí ẹni wo eré. Ó ní, "O kú iṣẹ́. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìyàwó rẹ á gbádùn rẹ."

Ire ló fi sọ ọ́. Mo ní kó pa ìwé dé, ó ti tó fún tòní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò. Àgbàdo ẹ̀yìn ilé ti ga dé àyà mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Oníkápẹ́ẹ̀tì ní òun á rán ẹni tó ń bá òun tẹ́ ẹ wá, kó fi téèpù wọn yàrá. Mo ní kò nídìí. Ó ní, "Bàbá, gbogbo èèyàn la máa ń wọ̀n ọ́n fún." Mo ní, "Èmi kì í ṣe gbogbo èèyàn."

Bí ẹ bá dé ibi tí mo dàgbà sí, tí ẹ béèrè Ẹsẹ̀-Kì-í-Purọ́, èmi ni wọ́n máa júwe. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Nígbà tí mo di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó na okùn kan sílẹ̀ lóko, ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, ó ní kí n máa rìn ín títí tí n ó fi lè fi ìgbésẹ̀ mẹ́wàá parí rẹ̀, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Oṣù mẹ́ta ni mo fi rìn ín, láàárọ̀ kí n tó jẹun. Lẹ́yìn ìgbà náà, ibi tí àwọn èèyàn bá ti ń jà lórí ààlà ilẹ̀, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Akọ̀wé mọ̀wé, èmi mọ ìgbésẹ̀. Ìgbésẹ̀ mi kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni.

Mo gbé bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbálẹ̀, mo rìn ín. Gígùn yàrá, ìgbésẹ̀ mẹ́fà. Ìbú rẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ìyẹn ni ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún sí méjìlá. Mo lọ sọ fún oníkápẹ́ẹ̀tì. Ìdì tí mo yàn, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá gan-an ni fífẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ rí i? Wọ́n ti hun ún mọ́ yàrá ìyàwó mi kó tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Ó ní kí n tẹ̀ka sí ìwé. Akọ̀wé kà á fún mi: èyí tí a bá ti gé, a kì í gbà á padà. Mo tẹ̀ka. Owó tí mo ń tọ́jú fún ẹ̀rọ tí ń fa omi sí ọgbà ló bá a lọ. Kí àgbàdo máa mu omi òjò bí àwọn bàbá rẹ̀ ti ń ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹni tó ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dé. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ó fi ọ̀bẹ sétí bí Akọ̀wé ṣe ń fi bíìró sétí. Ó tú ìdì sílẹ̀ nínú yàrá. Kápẹ́ẹ̀tì lọ, ó kan ògiri, ó gun ògiri lókè. Ó yí i sí apá kejì. Ó tún gun ti ibẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ta ló wọn yàrá yìí?"

"Èmi ni."

"Kápẹ́ẹ̀tì ju yàrá lọ."

Mo ní, "Yàrá ló kéré."

Akọ̀wé wúkọ́. Ọkùnrin náà ní, "Yàrá kì í ṣe aṣọ, Bàbá, tí a máa fọ̀ kó súnkì." Ó fa téèpù rẹ̀ yọ. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gígùn rẹ̀, mẹ́wàá ni ìbú. Mo ní téèpù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó mú òmíràn látinú àpò, ohun kan náà ló sọ. Mo ní ọ̀dọ̀ ẹnì kan ló ti ra méjèèjì. Mo lé e lọ. Mo sọ̀rọ̀ sí i tí n kò ní jẹ́ kí Akọ̀wé kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Okùn bàbá mi ṣì wà, ara ìṣó ló kọ́ sí nínú àgọ́ irinṣẹ́. Mo nà án sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo láàárọ̀, mo fi òkúta di orí àti ìdí rẹ̀. Mo rìn ín.

Méjìlá.

Mo padà, mo tún un rìn. Méjìlá. Ní ìgbà kẹta mo ya ẹsẹ̀ bí mo ṣe ń yà á nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Mọ́kànlá, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu àgbàdo. Akọ̀wé dúró síbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín.

Okùn kò dàgbà. Èmi ni mo dàgbà. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Àwọn tí mo ti bá pín ilẹ̀ láti ọdún mélòó sẹ́yìn, Ọlọ́run ló mọ èyí tí mo fi ilẹ̀ ẹnìkejì fún.

Akọ̀wé, kọ eléyìí náà kí n tó yí ọkàn padà.

Ọjọ́ tí ìyá àwọn ọmọ ṣubú, ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń bọ̀, bàtà mi kún fún ẹrẹ̀. Ó ti kìlọ̀ ẹrẹ̀ fún mi ju iye irun tó kù lórí mi lọ. Mo rí i pé mo ti tẹ ẹrẹ̀ sí gbogbo pásééjì, láti ẹnu ọ̀nà yàrá wa dé balùwẹ̀. Mo bu omi, mo fi ṣàn án kó tó rí i. Mo ń lọ mú àkísà tí n ó fi nù ún ni mo rí ẹyẹ lójú fèrèsé, wọ́n ń fa àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Mo jáde lọ lé wọn. Ìgbà tí mo gbọ́ ariwo rẹ̀ ni mo tó rántí àkísà. Nígbà tí àwọn èèyàn fi pé jọ, ilẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní táìlì ló ń yọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá ní pásééjì yẹn, n kì í wo ilẹ̀.

Mo ní kí Akọ̀wé pa á rẹ́. Ó ní bíìró lòun fi kọ ọ́. Mo ní kó ya ojú ewé náà dànù. Ó ní òun ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, òun kò ya ìwé kankan rí, òun kò ní torí mi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo láàárín wa. Ó ń kọ ariwo náà bí a ṣe ń pa á. Ó ti fẹ́ gbé ìwé lọ sílé rẹ̀ báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Ọjọ́ méjì ni Akọ̀wé kò fi wá. Mo fi búrẹ́dì gbígbẹ mu tíì láìrí ẹni bú. Lónìí mo lọ bá a nílé.

Ó ní, "Ṣé o tún wá ní kí n ya á ni?"

Mo ní rárá.

"Kí la wá fẹ́ kọ?"

"Kọ pé mo lọ bẹ ẹni tó ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì."

"O ti lọ?"

"A jọ ń lọ ni."

A lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú oníkápẹ́ẹ̀tì. Ó ní kò sí wàhálà, bàbá òun náà wà nílé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Ó tẹ́ ẹ lónìí. Ó na fóòmù tín-ín-rín kan sábẹ́, ó fa gọ́ọ̀mù yí etí ilẹ̀ ká, ó gbé kápẹ́ẹ̀tì lé e, ó fi orúnkún tì í dé ìdí ògiri. Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀bẹ gé ohun tó ṣẹ́kù kúrò. Ìró ọ̀bẹ yẹn dùn mí. Ègé gígùn méjì ló jáde. Mo ní kó ká wọn, kó nà wọ́n ró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò lè ju ohun tí mo fi owó ẹ̀rọ omi rà nù.

Òórùn gọ́ọ̀mù gba yàrá. Mo ṣí fèrèsé. Nígbà tí ó lọ tán, mo dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ gbalaja. Ó rí bí ẹ̀gbẹ́ oko lẹ́yìn òjò, àfi pé kòkòrò kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé ní kí n dìde kí n tó sùn lọ. Mo ní kó dùbúlẹ̀ wò. Ó ní àgbà kì í... Kó tó parí òwe rẹ̀ ó ti dùbúlẹ̀. A pẹ́ ká tó lè dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Àkọ́bí wa pa àdéhùn mọ́. Ó ti yá irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, ó gbé e dání. Ó bọ́ bàtà, ó dì í mú, ó tẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń tẹ̀, ó ń rìn káàkiri yàrá. Ó fi ẹsẹ̀ wá etí tó ká sókè títí, kò rí i. Ó di ojú, ó tún un rìn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣe é o. Ó dáa gan-an ni."

Mo ti fẹ́ máa yọ̀. Ó bá ṣílẹ̀kùn, ó gbé irin sí pásééjì. *Kó, kó*, irin dún lórí táìlì. Ó dúró.

"Bàbá, bí màmá bá jí láàárọ̀, níbo ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ?"

Mo nawọ́ sí balùwẹ̀.

"Ẹ tẹ́ yàrá, ẹ gbàgbé ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ṣubú gan-an ló ṣófo." Omi ti wà lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ gbìyànjú."

Ohun tí kò mọ̀ ni pé n kò gbàgbé. N kò fẹ́ wo ibẹ̀ ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí owó mọ́, ọjọ́ mẹ́rin ló sì kù. Akọ̀wé dìde. Ó na bíìró rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ègé méjì wà.

A ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ó dé pẹ̀lú téèpù. Ó wọn pásééjì láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé balùwẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Ó tú ègé tó gbòòrò jù sílẹ̀: gígùn rẹ̀, méjìlá. Ó wo téèpù, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa." Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó sọ láti òwúrọ̀. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti etí dé etí, ó sì fi ègé kejì tẹ́ iwájú ibi ìdáná. Kò gba kọ́bọ̀.

Àkọ́bí wa fi irin rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀. Irin kò dún. Ó ní, "Ó ti parí. Kí màmá máa bọ̀ nílé."

Mo lè gbẹ́nu mi dákẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Jókòó ná. Kò tíì parí." Mo sọ ọ̀rọ̀ omi fún un.

Kò pariwo. Ì bá pariwo. Ó ní, "Ṣé màmá mọ̀?"

Mo ní, "Ó wà nínú ìwé. Ó máa kà á."

Ó ní, "Ó dáa. Mi ò ní pinnu fún wọn. Màá dúró títí wọ́n á fi kà á. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ dúró, kí wọ́n dúró. Bí wọ́n bá ní kí n máa mú àwọn lọ, Bàbá, mò ń mú wọn lọ." Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi lọ sùn. Akọ̀wé, o gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Ó dé! Oòrùn yọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó bọ́ sálúbàtà kan, ó fi ìka ẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tẹ omi wò bóyá ó gbóná. Ó ní, "Ó tiẹ̀ jọ ọ́." Ìyẹn nìkan ló sọ, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ fa á kí ó tó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ó béèrè ìwé. Mo ní kó sinmi ná.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

N kò lè fi ìwé pamọ́ mọ́. Láti àná ló ti ń kà á, díẹ̀díẹ̀, nítorí ojú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ yìí a gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ó ti dé ibi adìyẹ. Nígbà tó yá, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Àkọ́bí wa wà ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ tí kò nílò kíká. Akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ń bó àgbàdo tuntun, àkọ́ká ti ọdún yìí.

Ó bọ́ awò. Ó ní, "Irọ́ wà nínú ìwé yìí."

Àkọ́bí wa ní, "Màmá, ibi tí Bàbá ní táìlì ló ń yọ̀ ni?"

"Rárá. Ibi tó ti sọ ọ́ bí ẹni pé òun nìkan ló ṣe é." Ó yí sí mi. "Bàbá àwọn ọmọ, mo rí omi náà."

Mo ní, "O rí i?"

"Mo rí i kedere, ó ń dán. Mo tilẹ̀ bú yín lábẹ́ ẹnu. Mi ò pè yín kí ẹ wá nù ún. Mo ní màá fò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fo omi yín nínú ilé yìí. Mo gbẹ́sẹ̀." Ó fọwọ́ pa ìbàdí rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ò dé ibi tí mo rán an."

Àkọ́bí wa fi aṣọ sílẹ̀, ó jókòó tì í.

"Ojú tì mí láti sọ," ó ní. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún dókítà? Pé ìyá àgbà ń fò?" Lẹ́yìn náà ó tún gbé ìwé sókè, ó wò ó. "Ìgbésẹ̀ méjìlá ni?"

"Méjìlá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Ìgbà yẹn ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń di ìbàdí mú, ó ń ké pé, "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, egungun mi o!" Àkọ́bí wa ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ń nu awò rẹ̀ tí kò dọ̀tí. Nígbà tó rọlẹ̀, àkọ́bí wa bi í pé, "Màmá, ṣé kí n kó ẹrù yín?" Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹrù tìrẹ ni kí o kó. Ọkọ rẹ ń dúró dè ọ́."

Nírọ̀lẹ́, ìyá àwọn ọmọ ní òun ń lọ sí balùwẹ̀. Mo dìde. Ó ní òun ò pe ẹnì kankan. Mo ní èmi náà ń lọ síbẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Mo bọ́ ọ. A rìn ín pọ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òun pẹ̀lú irin rẹ̀ láàárín. A kò yára.

Akọ̀wé, kọ iye rẹ̀ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé balùwẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni tirẹ̀. Tèmi náà, mẹ́rìndínlógún.